Alábòójútó Kò Gbà Fún Mi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án. Ojú ọ̀run ṣú láti àárọ̀, òjò kò sì rọ̀. Bébà inú ṣọ́ọ̀bù ti rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀.

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ rẹ. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí iṣẹ́ má ṣe dá yín lágara. Ara tiwa náà le. Ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ kò tíì padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń di ife mú. Káfíńtà wá wo òrùlé ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa tó ń jò, ó mi orí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọwọ́ ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, n kò fi kọ̀ǹpútà kọ ọ́, kí o má baà kà á kí n tó kọ ọ́ tán. Awakọ̀ tó ń kó bébà wá fún wa ni yóò mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́la.

Nígbà tí o wá kí wa, o yọ ètò àtijọ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà mi kúrò, o fi tuntun sí i, o ní èyí rọrùn, àwòrán ńláńlá lásán ni a ń tẹ̀, ọmọdé lè lò ó. N kò bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní pólì, tó sì ti ń bá ẹ̀rọ ṣe láti ìgbà tí o ti wà lẹ́yìn rẹ̀, kò bẹ ẹnikẹ́ni kí ó sọ òun di ọmọdé. Ti àtijọ́ kì í kí ènìyàn. Mo ń tẹ àṣẹ sí i, ó ń ṣe é, kódà bí àṣẹ náà bá gọ̀, mo sì mọ ẹni tí n ó bá wí. Èyí ń pè mí lórúkọ láràárọ̀, ó ń bi mí pé kí ni òun lè bá mi ṣe. Ta ló sọ orúkọ mi fún un? Kí ló ń wá?

Ọ̀gá ilé ìwé ẹ̀yìn pápá gbé ìwé èsì ìdánwò wá kí n tẹ̀ ẹ́, ó di Ọjọ́ Ajé kí wọ́n wá gbà á. Iṣẹ́ yìí ló ń gbé wa dé ìparí ọdún. Àlàfo ìhà òsì gbọ́dọ̀ fẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ okùn ìránwé yóò gbé orúkọ àwọn ọmọ mì. Mo fẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ fún un pọ̀, ó ní òun ti bá mi tún un ṣe. Mo wá ibi tí mo ti lè dá a lẹ́kun, ó ti gbé e pamọ́. Nígbà tí mo wá a rí, ó ní kí n gba àyè lọ́wọ́ alábòójútó. Mo gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù, mo gbé àga sílẹ̀ dè é. Kò wá.

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìkòríta rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní, “Màmá, ọmọ yín náà ni alábòójútó ọ̀hún.”

Ṣé ìwọ ni, ọmọ mi? Gbogbo àná ni mo ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ, o sì ń kọ̀ fún mi. Mo ní bóyá oúnjẹ ọ̀sán ni o ń jẹ, mo dúró, mo tún bẹ̀ ọ́, o tún kọ̀. Mo tẹ “jọ̀wọ́” kún un. Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́ nígbà tí o wà nílé, sọ ọ́ jáde. Bó bá sì jẹ́ pé ìyàwó rẹ ló ń bá ọ dáhùn nígbà tí o bá wà níbi iṣẹ́, n kò ní bínú, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ọkùnrin náà ní bí o bá fi páswọ́ọ̀dù rẹ ránṣẹ́, òun lè ṣí àyè ọ̀tọ̀ fún mi, kí n máa ṣe alábòójútó ara mi, kí àwọn àwòrán ńláńlá yẹn sì wà ní àyè tiwọn fún ẹni tó bá fẹ́ wọn. Láìsí i, àfi kí òun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí òun dá ti àtijọ́ padà. Mo ní kí ó pa á rẹ́.

Ibẹ̀ ni bàbá rẹ ti dá sí i. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn á jókòó sídìí ẹ̀rọ náà, wọn á fi ọwọ́ òsì tẹ àwòrán kan, ọmọ rẹ á yọjú nínú ẹ̀rọ láti ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún, àwọn méjèèjì á jọ máa rojọ́ asán. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń fojú di ìyàwó wọn ni wọ́n ń bá ṣọ̀rẹ́. Wọn kì í fèsì. Lónìí, wọ́n fèsì: “Láti ìgbà tí mo ti ṣàìsàn, òun nìkan ni ohun tí mo ń ṣe nínú ilé yìí tí n kì í pè ọ́ kí o wá bá mi ṣe é.”

Mo ránṣẹ́ sí ọkùnrin ìkòríta náà pé kí ó dúró ná. Mo ṣì ń fura sí ẹ̀rọ náà, mo sì ń fi aṣọ bò ó lójú bí mo bá fẹ́ ṣírò owó.

Jọ̀wọ́, fi páswọ́ọ̀dù náà rán awakọ̀, kọ ọ́ sórí bébà, kí o sì fi owó yíǹkì díẹ̀ tì í. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ tí o bí kọ̀ fún ọ nígbà tí o bá bẹ̀ wọ́n. Ọ̀nà yóò là fún ọ, wàá sì rí ẹni gbà ọ́ gbọ́.

Mo ti pinnu ohun kan. Bí páswọ́ọ̀dù kò bá dé kí Ọjọ́ Ajé tó pé, n kò ní jẹ́ kí ọkùnrin náà pa ohun tó wà nínú ẹ̀rọ bàbá rẹ rẹ́. Èmi fúnra mi ni n ó gbé ìwé èsì náà sọdá títì lọ fún Tẹ̀-kíá, òǹtẹ̀wé tí a ti jọ ń du oníbàárà láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kí ó tẹ̀ ẹ́. N kò tíì sọ fún ọ̀gá ilé ìwé. N kò sì tíì sọ fún bàbá rẹ.

Ìyá rẹ.