Góòlù Kan Ṣoṣo ti Issahaku

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹsàn-án, 2017. Kumasi.

Àga Fiifi ṣófo láti àárọ̀. Wofa, olóòtú ìwé ìròyìn bọ́ọ̀lù wa, ní bóyá ibà ni. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ a tan tẹlifíṣọ̀n láti wo ìròyìn eré ìdárayá láti Accra. Fiifi ló jókòó síbẹ̀. Kóòtù búlúù, táì pupa. Ọdún méjìdínlógún ni èmi àti òun fi pín tábìlì kan. Kò dágbére. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Olóhùn Oyin láyé àtijọ́ – n kò mọ̀ pé ọjà ni yóò fi oyin náà ṣe.

Ó gbé ìwé kan sókè sí kámẹ́rà. Ó ní, "Àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ wa rèé." Ìwé mi ni. Àbàwọ́n epo tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀. Ìwé keje nínú mọ́kànlá: gbogbo góòlù líìgì láti ọdún 2000 dé 2002 – ẹni tó gbá a, ìṣẹ́jú tó wọlé, ẹni tó rí i. Ọjọ́ kan péré ló ní òun fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Wofa pa tẹlifíṣọ̀n náà.

Ìṣẹ́gun, 5.

Mo ka ìwé tó kù. Mẹ́wàá. Mo ti kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn.

Ọjọ́bọ̀, 7.

Rahinatu, ọmọ Baba Issahaku, wá sí ọ́fíìsì. Tẹ́lẹ̀, bàbá rẹ̀ ló máa ń wá fúnra rẹ̀, lọ́dọọdún, bí líìgì bá ti parí. Ọdún mọ́kànlá ló fi gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn fún Nsuta Defenders, nọ́ńbà mẹ́rìnlá. Ó ní òun ló gbá góòlù ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún tí kò jẹ́ kí wọ́n já kúrò ní líìgì ní 2001. Ìwé keje sọ pé Bonsra ni, nọ́ńbà mẹ́sàn-án. Lọ́dọọdún ni mo ń fún un ní omi tútù, tí mo sì ń sọ fún un pé n kì í yí àkọsílẹ̀ padà láìjẹ́ pé ojú méjì jẹ́rìí sí i. Ojú tirẹ̀ kò sí nínú wọn. Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà ní Pólì. Ohun tí wọ́n kọ́ mi nìyẹn.

Rahinatu ní, "Anti Dufie, kíndìnrín bàbá mi méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Kò bèèrè oògùn mọ́. Góòlù ẹ̀ nìkan ló ń bèèrè."

Mo dá a lóhùn pé ìlànà ni ìlànà.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Kò fẹnu kan omi náà.

Ẹtì, 8.

Wofa pe àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ. Ìwé ìròyìn wa yóò kógbá wọlé. Ti Ẹtì tó ń bọ̀ ni àtẹ̀jáde ìkẹyìn. "Àwọn èèyàn ò ka bọ́ọ̀lù mọ́, wíwò ni wọ́n ń wò ó." Ó nu dígí ojú rẹ̀ bí ẹni pé ìdọ̀tí wà lára rẹ̀. Kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀.

Lọ́sàn-án, obìnrin kan pè mí láti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti Fiifi. "Anti, Bùrọ̀dá Fiifi ní ẹ̀yin nìkan lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé yẹn. Ẹ wá bá wa ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn kámẹ́rà lẹ máa wà o, ẹ ò ní hàn."

Mo ní mo gbọ́.

Àìkú, 10.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, láàárín ìwàásù, ọ̀rọ̀ kan bọ́ sí mi lọ́kàn: èmi gan-an kò rí góòlù yẹn.

Àṣà àwa oníròyìn ni. Tẹlifóònù kan ni gbogbo wa ń tò fún nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ tètè fi ìròyìn ránṣẹ́ yóò jáde kí rẹfirí tó fọn fèrè ìkẹyìn. Ẹni tó dúró yóò fún un ní ìparí. Ní ọjọ́ náà mo jáde ní ìṣẹ́jú karùndínláàádọ́rùn-ún. Fiifi ló fún mi ní ìparí.

Ojú kan ni, kì í ṣe méjì. N kò kà á rí.

Ọjọ́ Ajé, 11.

Mo pe Fiifi.

"Dufie mi! Ṣé ò ń rí mi? Táì yẹn ńkọ́?"

Mo bi í nípa ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún.

"Ọlọ́run ò! Ìwọ àti 2001! Ìyá oníkẹ́ńkẹ́ tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà ló sọ fún mi jàre. Ebi ń pa mí, mo ti jáde. Ariwo sọ, mo ní ta ni, ó ní ta ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe Bonsra."

Mo bi í bóyá ìyá náà kọjú sí pápá.

"Ìkòkò ló kọjú sí!" Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Má bínú, Maame."

Mo ní kí ó fa ìlà gba orí orúkọ Bonsra, kí ó sì dá ìwé mi padà. "Mo gbọ́, mo gbọ́."

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń béèrè ojú méjì lọ́wọ́ Issahaku. Láìsí ojú kankan ni mo fi góòlù rẹ̀ ta ẹlòmíràn lọ́rẹ.

Ọjọ́rú, 13.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Obuasi. Arhin, aṣọ́lé tí góòlù náà wọlé lọ́wọ́ rẹ̀, ti di olùkọ́ níbẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́. "Orúnkún! Mẹ́rìnlá yẹn ò tiẹ̀ mọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Ó bà á lórúnkún, ó gba abẹ́ apá mi kọjá. Anti, mo ṣì ń lá a lálàá."

Láti ibẹ̀, mo padà sí Kumasi, sí ọsibítù. Ojú Issahaku ti wú. Mo bi í pé kí ló fi gbá a. Ó yíjú sí ògiri.

"Orúnkún ni. Anti, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ orúnkún."

Mo rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan. Ojú Arhin, ojú Issahaku. Ojú méjì. Mo ní góòlù rẹ̀ yóò jáde nínú ìwé ìròyìn ní Ẹtì. Ó ní, "Kẹ́ ẹ kọ ọ́ gàdàgbà o."

Ẹtì, 15.

Ó jáde. Ojú ewé kìíní, gàdàgbà. Wofa ní, "Ta ló kù tó máa bá wa wí?"

Mo gbé ẹ̀dà márùn-ún lọ sí ọsibítù. Wọ́n ti dojú tìmùtìmù ibùsùn rẹ̀ dé. Àsìkò ìrun àárọ̀ ló kú. Kí aago mẹ́wàá tó lù, wọ́n ti sin ín ní Zongo, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí. Mo bá Rahinatu níbẹ̀; ó gba ìwé ìròyìn náà, ó ṣẹ́ ẹ po, kò ṣí i.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Tẹlifíṣọ̀n. Fiifi rẹ ohùn oyin rẹ̀ sílẹ̀, ó kéde ikú. Ó ní, "Ọdún mọ́kànlá, kò fi bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo sáwọ̀n." Wọ́n wá fi ojú ewé kan nínú ìwé keje hàn. Ìwé mi. Ìkọ̀wé ọwọ́ mi. Orúkọ Bonsra gbalẹ̀ kan, kò sí ìlà kankan lórí rẹ̀.

Rahinatu pè. "Anti, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ."

Mo ní ìwé ìròyìn ti gbé òótọ́ jáde.

"Anti, ta ló kà á?"

Àbámẹ́ta, 16.

Mo pe obìnrin tẹlifíṣọ̀n. Mo ní n óò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ó tún rán mi létí pé n kò ní hàn. Mo ní kò burú.

Àpò kan ni mo dì. Aṣọ mẹ́ta, kálámù pupa kan. Ní Accra ni ìwé keje wà: ojú ewé 112, ìlà kẹrin. Mo ti mọ ohun tí n óò kọ síbẹ̀: Ìṣẹ́jú 90. Nọ́ńbà 14, B. Issahaku. Ẹlẹ́rìí: Arhin, aṣọ́lé; Issahaku, olóògbé.

Àyè kan wà níbẹ̀ fún ohun tí wọ́n fi gbá a. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni n óò kọ.