Oyè Tí Mo Gbà Láìṣèdánwò

Bọ́sẹ̀dé ọmọ mi,

Òkun o, mo kí ọ. Ìyá rẹ àti àwọn àbúrò rẹ kí ọ. Ọyẹ́ ti bo Òkè Pàtí, ṣùgbọ́n orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́, ó ti ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Táíwò tí ẹ jọ wà ní London sọ fún wa pé o fìdí rẹmi nínú ìdánwò, pé ìtìjú B.A. tí o kò rí kọ sẹ́yìn orúkọ rẹ ni kò jẹ́ kí o kọ̀wé sílé mọ́. Ọmọ mi, láti ìgbà tí a ti bí ọ, kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Ọláníyì mọ́ ní Natako, àdúgbò wa.

Tún ìdánwò náà ṣe, tàbí kí o máa bọ̀ nílé. Ọlọ́run tó mú ọ lọ á mú ọ bọ̀. Jọ̀wọ́, kọ̀wé sí ìyá rẹ.

Èmi ni,
Bàbá Bọ́sẹ̀dé.