Ẹ̀bẹ̀ tí Mo Bẹ̀ Nínú Fóònù Dámiláre

Fìdítì,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Títílayọ̀, Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé ara le? Ṣé Ìbàdàn ò le koko mọ́ ọ jù? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ìgbóná mú ọ lọ nígbà tí o wà ní ọmọ ọwọ́ kò ní jẹ́ kí ẹnu ayé gbé ọ mì. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ṣùgbọ́n kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa láti ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ohun tí mo ṣe ló fà á, òun náà ni mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí. Mi ò pè ọ́ nítorí pé ẹ̀rù fóònù ti ń bà mí.

Ilé ò burú. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ọ̀kan kú. Atẹ́gùn ṣí páànù ilé ìdáná, a ti fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Ọsàn so dáadáa lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èso gan-an ni wàhálà wa.

Gbogbo wa la jókòó ti rédíò lọ́jọ́ tí o sọ̀rọ̀. Nígbà tí olóòtú ní onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni ọ́, pé ọmọ Fìdítì ni ọ́, mo ṣí fìlà. O ní kábáàdì, òkúta tí àwọn wẹ́dà ń lò, tí àwọn kan fi ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, kò dára fún ẹni tó ń jẹ ẹ́, kò sì dára fún ọwọ́ ẹni tó ń fi sí i. O ò dárúkọ ìlú kankan. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́. Àmọ́ kí oòrùn tó wọ̀, ó ti di pé ọmọ Obadiah ní májèlé ni èso wa, pé àwọn kan ló fún un lówó kó wá ba ọjà wa jẹ́.

Dámiláre, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta èso, wá fi ohun tí àwọn ènìyàn kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ hàn mí nínú fóònù. Lẹ́tà rẹ̀ kéré ju èèrà lọ, mi ò rí i kà, ṣùgbọ́n mo rí àwọn ojú roboto aláwọ̀ ìyeyè tí omi ń dà lójú wọn, wọn ò lóǹkà. Mo rò pé wọ́n ń bá ọ sunkún ni. Mo ní kí Dámiláre bá mi kọ ọ́ pé ẹ ṣeun gan-an, ẹ ò ní sunkún ọmọ, ó sì kọ ọ́. Ìyá rẹ ló gbọ́ lẹ́nu àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, tí wọ́n rín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ìyẹn kéré.

Ti ẹ̀bẹ̀ ló dùn mí jù. O mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé. Bí ọmọ ẹni bá bí ará ìlú nínú, bàbá kì í kọ́kọ́ béèrè ẹni tó jàre, á dọ̀bálẹ̀ ná, kí inú wọn rọ̀, kí a tó wá jókòó sọ̀rọ̀. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú ṣe. Nígbà tí ewúrẹ́ olórí ẹbí wọ oko ẹ̀gẹ́ mi, tí mo sọ òkúta lù ú, èmi ni mo jàre, gbogbo wọn ló mọ̀, síbẹ̀ bàbá mi dọ̀bálẹ̀, ọ̀rọ̀ sì tán. Dámiláre ní ẹgbẹ́ ń ṣèpàdé ní Ìlọrà, pé òun á gbé fóònù sókè kí wọ́n lè rí mi níbẹ̀. Mo wọ bùbá funfun, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ilé, mo ní ẹ má bínú, ọmọdé ló ń ṣe é, ẹ bá mi forí jì í. Mo rò pé bí ìpàdé bá ti tú, ẹ̀bẹ̀ náà ti tán nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé fóònù kì í jẹ́ kí ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ dìde. Ìyá rẹ ní mo ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí di àná, pé àwọn tó ti wò mí pọ̀ ju ará Fìdítì lọ, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé bàbá rẹ fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé irọ́ lo pa. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Títí. Ẹ má bínú ni mo sọ.

Wọ́n ní o ti sọ pé o ò ní sọ̀rọ̀ ní gbangba mọ́. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké, èyí kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ọwọ́ èmi bàbá rẹ wà nínú kíkùtà rẹ̀.

Lánàá, Ṣàmsúdéènì tó máa ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Ìbàdàn yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé wá. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, awọ rẹ̀ ti bó, ó ní ọdún kẹta rèé tí òkúta yẹn ti ń jẹ òun lọ́wọ́, pé kí n bá òun bi ọ́ ohun tí òun lè fi rọ́pò rẹ̀. Ó wà lára àwọn tó bú ọ o. Mo fún un ní àga, a jọ jẹ ọsàn, mo ní màá béèrè. Jọ̀ọ́, fún un lésì.

Owó ọkọ̀ Ìbàdàn ni kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Má fi í gba báńkì o, ẹni tó wà nínú ẹ̀rọ tó ń pọ owó ní Ọ̀yọ́ ti gba káàdì mi, mo kí i títí, kò dáhùn. Bí wọ́n bá tún pè ọ́ sí rédíò, jọ̀ọ́, lọ. Màá jókòó tì ọ́, mi ò ní sọ nǹkan kan. Kí ẹnì kan sáà gbé fóònù sókè, kó yà mí níbi tí mo ti jókòó tì ọ́, kí ìyẹn náà máa wà níbẹ̀ títí.

Ohùn rẹ ò ní wọlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti fi ọ́ rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni wọn yóò ti dìde kí ọ. Dárí jì mí.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ti dìde nílẹ̀,
Obadiah Àlàní.