Ìyálé Tó Wà Lábẹ́ Ilé

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kẹwàá 2019

Ìrì dídì ti bo koríko láàárọ̀ yìí. Àná ni Rosaire ọkọ mi gbé àgọ́ funfun tó ń gba yìnyín dúró bo mọ́tò, nítorí náà òní ni ọjọ́ Ìyálé. Orúkọ tí mo sọ ẹ̀rọ tó ń mú ilé wa gbóná nìyẹn, n kò sì sọ ọ́ sétí ẹnikẹ́ni rí. Rosaire ti rà á, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ iná nínú yàrá abẹ́ ilé, kó tó fẹ́ mi. Èmi ni mo wá bá a níbẹ̀. Ẹni tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ìyálé rẹ̀ ni.

Bí a ṣe ń yẹ ẹ́ wò lọ́dọọdún kí òtútù tó dé: mo jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú kọfí mi, ọkọ mi dúró níwájú àpótí bírékà bí àlùfáà níwájú pẹpẹ. “Ọ̀kan, ó kú! Èkejì, ó kú!” Èmi á ní, “Àmín.” Ẹ̀fẹ̀ wa nìyẹn. Wáyà iná méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń bọ́ Ìyálé, bírékà méjì ló sì ń pa á. Bí èèyàn bá pa ọ̀kan, fáànù á dúró, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ lọ gbári, ṣùgbọ́n ìdajì inú rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ìdajì yẹn sì tó pa màlúù.

Lónìí ó ní, “Ọ̀kan, ó kú!” — ó sì mú sukudíráfà. Mo ń dúró de èkejì. Àmín wà lẹ́nu mi. Ó tú ìdérí kúrò, ó ti ń na ọwọ́ sínú kí n tó kígbe.

Ó bínú. Ó ní kí ló dé, ṣé mo rí eku ni. Mo nawọ́ sí bírékà kejì. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó pa á, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣì ń fọkàn sí iṣẹ́ ni.

Irọ́ ni. Ọkùnrin tó lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nídìí iná ní ilé iṣẹ́ alumíníọ̀mù kì í fi iná ṣeré.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Kẹwàá

Bóyá ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Oṣù Kẹwàá

A jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà tán, Rosaire nu ẹnu, ó dìde. “Arúgbó mi, jẹ́ kí n lọ yẹ ẹ̀rọ wò kí òtútù tó ká wa mọ́.”

Mo ní o ti yẹ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wò mí bí ẹni tó rò pé mò ń dápàárá. “Ta ni? Èmi?”

Mo tẹ̀ lé e sọ̀kalẹ̀. Ó yọ asẹ́ afẹ́fẹ́ tó fi sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá — ó ṣì funfun nini bí àkàrà ìsìn — ó sọ ọ́ nù, ó fi tuntun sí i. Ó pa bírékà méjèèjì lónìí. Mo ṣe Àmín, ṣùgbọ́n ohùn tó jáde kì í ṣe tèmi.

Ọjọ́bọ̀, 31 Oṣù Kẹwàá

Bí wọ́n ti ń ṣe ní alẹ́ yìí lọ́dọọdún, àwọn ọmọ àdúgbò wá gba súìtì nínú aṣọ iwin wọn. Mo ń ṣí ilẹ̀kùn fún wọn lọ́wọ́, mo gbọ́ tí àtẹ̀gùn abẹ́ ilé ń dún. Mo fi abọ́ súìtì lé ọmọ kan lọ́wọ́, mo sáré. Ó ti ṣí i. Ọ̀kan ṣoṣo ló pa. Mo pa èkejì láti ẹ̀yìn rẹ̀, kò mọ̀.

Nígbà tí mo padà sókè, abọ́ ti ṣófo. Wọn ò tilẹ̀ dúró kí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kọkànlá

Ọjọ́ àwọn òkú. A lọ sí itẹ́ òkú. Afẹ́fẹ́ láti orí adágún omi ń gé ojú bí abẹ. Rosaire dúró pẹ́ níbi tí Lorenzo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sùn sí.

Mo rántí ilé àwọn arúgbó tí wọ́n mú Lorenzo lọ nígbà tí orí rẹ̀ kò pé mọ́. Wọ́n fi bẹ́líìtì dè é mọ́ àga, wọ́n ní ó ń rìn kiri jù. Bí a ṣe jáde níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Rosaire kò tan mọ́tò. Ó ní, “Armande, bí èmi náà bá dà báyìí, jẹ́ kí n kú sílé mi.” Mo ní ó dáa. Mo búra.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè sọ fún Gómìnà. Maryse ọmọ wa ni Gómìnà. Láti ìlú Chicoutimi tó ń gbé ló ti ń fi fóònù ṣe ìjọba lé gbogbo wa lórí. Bí ó bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, bàbá rẹ̀ á ti ní yàrá kan tí nọ́ńbà wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí n kò bá sì sọ, ọjọ́ kan ni màá sọ̀kalẹ̀ bá òkú. Ẹ̀rù ń bà mí níhìn-ín, ẹ̀rù ń bà mí lọ́hùn-ún.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kọkànlá

Mo kó gbogbo sukudíráfà pamọ́ sínú fírísà, lábẹ́ àwọn bleuet, èso igbó wẹ́wẹ́ tí mo já nígbà ẹ̀rùn. Ó wá wọn títí. Ó ń fi gbogbo ohun èlò ṣọ́ọ̀ṣì ṣépè bí àwọn ará ibí ṣe máa ń ṣe, látorí ife ìsìn dé orí àpótí mímọ́. Ló bá gbéra, ó lọ ra òmíràn lọ́jà, ó sì tún ra asẹ́ tuntun sí i. Àwọn asẹ́ kún abẹ́ àtẹ̀gùn bí ìwé tí wọn ò rí tà.

Mo ti ilẹ̀kùn abẹ́ ilé. Mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn, mọ́ àmì Ìyá Màríà mi. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yí ọwọ́ ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀, kò jan án. Ó bojú wẹ̀yìn. “Armande, kí ni mo ṣe?”

Mo ṣí i fún un. N kò lè rí ojú yẹn kí n má ṣí i.

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kọkànlá

Ọgbọ́n ju agbára. Bí mo bá ti rí i tó ń wá fìlà iṣẹ́ rẹ̀, mo ti mọ ibi tó ń lọ. Mo sáré sọ̀kalẹ̀ ṣíwájú, mo pa bírékà méjèèjì, mo padà wá jókòó bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó ṣe é lánàá, ó tún ṣe é lónìí, nǹkan kan kò sì ṣe é. Bó bá ti sùn lọ́sàn-án, èmi á tan án padà.

Òtútù mú nínú ilé, òótọ́ ni. A jẹun tòun ti kóòtù lọ́rùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kọkànlá

Òtútù burúkú ló wà níta. Mo ti pa méjèèjì kó tó dé.

N kò mọ̀ pé kì í wo àpótí yẹn mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló mọ iṣẹ́. Ojú rẹ̀ ti wà lára Ìyálé. Ó na ọwọ́, ó tì í sódìkejì — pá! — “Ọ̀kan, ó kú!” — pá! — “Èkejì, ó kú!” Mo wà lórí àtẹ̀gùn. Mo rí i. Ohun tí mo ti pa ló ń tan. Ìyálé kì í jí lójijì, fáànù rẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó yí, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́ bí ohun tó kú lóòótọ́. Mo la ẹnu.

Iná búlúù bù yẹ̀rì. Ó dún bí ìbọn. Rosaire ti wà nílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, sukudíráfà ti fò lọ, ẹnu irin rẹ̀ ti yọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dúdú. Òórùn irin àti irun tó jó. Mo bá a níbi tó wà, mo gbé etí lé àyà rẹ̀. Ó ń mí. Orí ló yọ ọ́.

Ó wo àpótí. Ó wá wò mí.

“Ta ló fọwọ́ kan bírékà mi?”

Mo ní èmi ni.

Kò bú mi. Ó sún sẹ́yìn díẹ̀ lórí ilẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò rí i kí ó bẹ̀rù mi rí.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kọkànlá

Mo ní mò ń dáàbò bò ó. Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Kọkànlá

Ó wà nínú yàrá pẹ̀lú fóònù, ó ń rọra sọ̀rọ̀. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn bí olè.

“Màmá rẹ ni o. Ó ń pa ẹ̀rọ nínú òtútù yìí … Ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ó ń kó irinṣẹ́ mi pamọ́ … Má sọ fún un pé mo sọ fún ọ. Yóò ní èmi ni. Maryse, ẹ̀rù ń bà mí.”

Kò purọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kọkànlá

Gómìnà dé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Kò bọ́ bàtà tó fi ṣí fírísà. Ó gbé bleuet kúrò, ó rí ohun tó ń wá. Ó rí kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn mi. Ó mú mi jókòó, ó di ọwọ́ mi mú bí nọ́ọ̀sì.

“Mọ́mì, ọjọ́ wo la wà lónìí?”

Mo sọ ọjọ́ fún un, mo sọ oṣù, mo sì sọ ẹni mímọ́ tó ni ọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà mo sọ gbogbo rẹ̀. Bírékà, asẹ́, Lorenzo, ìbúra. Ohun tí mo ti gbé mì fún ọ̀sẹ̀ mélòó, mo pọ̀ ọ́ síta pátá. Ó ń sunkún bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó wá ní, “Pápá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ lẹ máa sọ.”

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àfi bíi pé èṣù ló rán an: Rosaire dé fìlà iṣẹ́, ó ní kí Maryse wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. “Ọ̀kan, ó kú! Èkejì, ó kú!” Ó fi téstà kan wáyà kọ̀ọ̀kan kó tó fọwọ́ bà á. Ó ṣàlàyé bí àwọn wáyà tó ń gbóná ṣe ń jí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa já iná gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi ìdènà kékeré hàn án, èyí tó ń pa gbogbo rẹ̀ bí ooru bá pọ̀ jù. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan. Gómìnà pàtẹ́wọ́ fún un.

Èmi ń bẹ lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀rù ara mi wá ń bà mí. Bóyá èmi gan-an ni. Bóyá mo lá gbogbo rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n gòkè, mo lọ sídìí ìkòkò ìdọ̀tí, mo fọwọ́ kan àwọn asẹ́ tó sọ nù lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n funfun. Mo jókòó tì wọ́n fún ìgbà díẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n ti gba àyè fún mi lọ́dọ̀ dókítà, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Rosaire ní a ó jọ lọ ni, òun kò ní jẹ́ kí n dá wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé tirẹ̀ ni, ẹṣin mẹ́rin kò ní wọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà dókítà.

Mo gbà kí Gómìnà tó sọ ọ́ tán. Ẹnu yà á. Kí wọ́n máa pè mí ní wèrè. Bí Rosaire bá ti lè bá mi wọlé sọ́dọ̀ dókítà yẹn, ojú ni wọ́n á fi rí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí i, mo ti da ìbúra mi nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n. Mo sì ń lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Kọkànlá

Dókítà náà kéré sí Maryse. Ó ní kí n rántí ọ̀rọ̀ márùn-ún, kí n ya ojú aago, kí n ka nǹkan sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín: Rosaire gbé báàgì mi lé ẹsẹ̀, ó ń sọ ìdáhùn sí mi létí bí ọmọ tó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ nínú ìdánwò, kò sì sí èyí tó gbà nínú wọn. Mo ń wo dókítà. Dókítà ti gbé ojú kúrò lára mi.

“Ẹ̀yin náà ńkọ́, sà? Oṣù wo la wà?”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín sí i. “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe kíá. Oṣù kẹwàá ti ń parí lọ, n kò tíì yẹ ẹ̀rọ ilé wa wò lọ́dún yìí. Òtútù ò ní dúró de èèyàn.”

Maryse gbé orí sókè.

“Pápá, ẹ ti ṣe é lọ́jọ́ Sátidé. Mo wà níbẹ̀. Ẹ fi hàn mí.”

“Ìwọ? Ọjọ́ wo lo wá sílé?”

Ó bi í pẹ̀lú ayọ̀, bí bàbá tí ọmọ rẹ̀ kò bẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà pípẹ́. Dókítà rọra fi bébà mìíràn síwájú rẹ̀, àti gègé. Ó mú gègé náà, ó wo bébà, ó wá yíjú sí mi. “Armande, kí ni wọ́n ní kí n yà?”

Ìgbà yẹn ni Maryse wá di ọwọ́ mi mú, kì í ṣe bíi ti nọ́ọ̀sì mọ́. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́.” Mo ní kó dákẹ́, bàbá rẹ̀ ń gbọ́.

Wọ́n ní ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ fún àyẹ̀wò tirẹ̀. Yìnyín ń já bọ́ bí a ṣe ń lọ sílé. Maryse ń wa mọ́tò, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Rosaire jókòó tì mí ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ó mú ọwọ́ mi, ó fi ọwọ́ tó jó yẹn bò ó.

“Má bẹ̀rù, arúgbó mi. Ohunkóhun tí wọ́n bá ní ó ń ṣe ọ́, èmi ni màá máa tọ́jú rẹ.”

Mo ní ó ṣeun.