Omi Kànga Tí Mo Fi Iyọ̀ Sí

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé o ń sùn, ṣé o ń jẹun lásìkò? Àwa náà wà níbí, a ń mí. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ilé tí bàbá kò sí mọ́ á máa ṣọ́ ìwọ náà níbi tí o ti ń fi iná ṣiṣẹ́.

Mo rí àwòrán iná tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ó dára, àmọ́ ó bà mí lẹ́rù. Láti ìgbà náà, inú abọ́ irin ni mo ń gbé fóònù náà sí, jìnnà sí ibùsùn, torí mi ò mọ ìgbà tí iná inú rẹ̀ lè yọ jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ní kó máa rẹ́rìn-ín lọ, ẹ̀rín kì í pa iná. Àti awò dúdú tí o wọ̀ nínú àwòrán yẹn, ṣé kì í ṣe pé ojú ń dùn ọ́ tí o kò sọ fún mi?

Ọ̀rọ̀ omi kànga tí o ní kí n bù ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò níbi iṣẹ́ yín ló gbé mi dé ìdí lẹ́tà yìí. O ní ẹ máa ń fọ́n omi sínú iná, ẹ ó wá tan ìmọ́lẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní léésà sí i, ẹ ó máa yí àwọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wá ilé iṣẹ́ rédíò, títí irin tó fara pamọ́ sínú omi á fi dáhùn. Mo rò pé ọ̀nà jìn, omi á bàjẹ́ kó tó débẹ̀, ni mo bá fi iyọ̀ díẹ̀ sí i kí awakọ̀ tó gbé e lọ. Àfi bí o ṣe pè, o ní iná náà kàn pọ́n yòò bí inú ẹyin, ta ló fi iyọ̀ sómi? Ọmọ mi, ara mi bù máṣọ. Èmi nìkan ni mo wà nílé ìdáná lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti lè sùn dáadáa. Tí iná yín bá lè mọ iyọ̀ tí mo fi ìka bù, á mọ òjé, irin tí wọ́n ní májèlé ni. Ìwọ náà rántí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, níbi tí bàbá yín ti ń yọ́ òjé inú bátìrì ọkọ̀ àlòkù. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n títí wọ́n fi lọ, dókítà sì ní ara àgbà ni. Wàyí o, inú ń run Pẹ́pẹ́yẹ, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ọmọ tí kì í jókòó, orí ẹní ló wà, ó kàn ń wò mí. Omi kan náà ló ń mu. Tí iná bá ní òjé ni, àwọn ará àdúgbò á ní bàbá yín ló pa ara wọn, tí wọ́n tún fẹ́ mú ọmọ ọmọ wọn dání.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ bẹ̀ ọ́ pé kí o yí ìmọ́lẹ̀ yẹn sọ́dọ̀ irin mìíràn, kí o fo ti òjé. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kọ oúnjẹ láàárọ̀ yìí. Omi mìíràn nìyí lọ́wọ́ awakọ̀, mi ò fi nǹkan kan sí i. Wá òjé nínú rẹ̀ dáadáa.

A ti dé kànga pa, omi rírà là ń mu. Jọ̀wọ́ fi owó omi ránṣẹ́, àti èyí tí a ó fi gbé Pẹ́pẹ́yẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Awakọ̀ ni kí o fi rán. Ẹ̀rọ tó ń pọ owó ní báńkì kì í wo ojú èèyàn, mi ò mọ ohun tó ń rò.

Tí ìdáhùn bá dé, má fi sórí fóònù, wá fẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún mi. Tí àwọn ọ̀gá rẹ bá sì ń bínú sí ẹni tó fi òjé ba omi jẹ́, bá mi sọ fún wọn pé iṣẹ́ tí bàbá yín mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn, òun ni wọ́n sì fi rán ọ nílé ìwé.

Iná kò ní jó ọ, ojú rẹ kò ní fọ́. Kí o má rí ohun tí ò ń wá. Ṣùgbọ́n tó bá wà níbẹ̀, kí o tètè rí i.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.