Ẹ̀rọ Tó Ní Ara Bàbá Rẹ Le

Bẹyẹrúnká, Ìbàdàn.

Mutmainnah Àjọkẹ́ ọmọ mi, àsàlámù àlékùmù. Ṣé iṣẹ́ Èkó ò pa ọ́ lára? Ẹsẹ̀ rẹ ò ní ṣì rìn, àmín. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, Bàbá rẹ náà ti ń jẹun, nítorí náà má fò sókè bí o bá ka èyí tó kàn.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tí o bá wa rà nínú ọjà orí fóònù dé láyọ̀. Ìyanu ni! Bàbá rẹ so ó mọ́ apá, ó kọ ọgọ́fà lórí ọgọ́rin, èyí tí wọ́n ní ó dára. Mo so ó mọ́ tèmi, ọgọ́fà lórí ọgọ́rin náà ni. Mo ní Ọlọ́hun tóbi, tọkọtaya ti di ara kan. Ni Bàbá rẹ bá ní ara àwọn ti le, wọ́n pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Jímọ̀ tó kọjá, bí wọ́n ṣe ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, wọ́n ṣubú lulẹ̀ n'Ídìí Arẹrẹ.

Nọ́ọ̀sì Àtọ́kẹ́ tó tọ́jú wọn ní kí n mú ẹ̀rọ náà wá, ló bá so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga. Ọmọ mi, àga náà ní ọgọ́fà lórí ọgọ́rin! Mo rò pé ó lágbára débi pé ó ń wo ara igi, àfi ìgbà tó ní ayédèrú ni.

Mo ní kí Jubril, ọmọ àbúrò Bàbá rẹ, bá mi pe àwọn ọlọ́jà fóònù náà. Obìnrin kan ní kí n tẹ oókan, kí n tẹ eéjì, kò tilẹ̀ mí. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti olorì, ìkúnlẹ̀ ni mo fi kí i, Jubril ní kì í ṣe èèyàn. Lẹ́yìn náà ni èèyàn gidi tó ń jẹ́ David dáhùn, ó ní àwọn kọ́ ló tà á, ibi ìpàtẹ làwọn kàn fún ẹni tó tà á, ẹni náà sì ti kó ìsọ̀ rẹ̀ lọ. Ìsọ̀ tó parẹ́ bí iwin, tí kò ṣẹ́ ku pákó kan! Mo bi í pé ta ló ń gba owó ìsọ̀. Ó ní àwọn ni. Mo ní l'Ọ́jà'ba níbí, bí ẹnìkan bá ta epo tó pò mọ́ àró, Ìyálọ́jà kì í sọ pé ilẹ̀ lásán lòun fún un, òun ló ń wá a jáde. Mo ní ọkọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wá ní òun náà ní bàbá. Lọ́jọ́ kejì, ó pe Jubril pé gbogbo ẹni tó ra irú ẹ̀rọ yẹn làwọn ń pè lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má lò ó mọ́. Irínwó èèyàn!

Má dá ara rẹ lẹ́bi, ìfẹ́ lo fi rà á. Nọ́ọ̀sì ní kí Bàbá rẹ máa wá ní gbogbo Mọ́ńdè, jọ̀ọ́ fi owó oògùn àti ti ọ̀kadà ránṣẹ́, má fi ẹ̀rọ kankan kún un. Bí àyè bá yọ, wá. Bàbá rẹ ò ní sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń wò. Ọlọ́hun á jẹ́ kí o bá wọn láàyè, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn súre lé ọ lórí.

Èmi ìyá rẹ,
Ràbíátù.