Ilẹ̀kùn Bàbá Táíwò

Àbámẹ́ta, 10 oṣù kọkànlá, 1984

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹfà, ọdún 1979, ni mo purọ́ mọ́ Bàbá Táíwò, káfíńtà. Èmi ni mo wọn ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ jẹ́ ká na okùn láti igun dé igun." Mo fèsì pé ilé ẹ̀kọ́ Polí kọ́ mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbú àti gíga nìkan ni mo kọ sílẹ̀ fún un láti fi gé ilẹ̀kùn. Ògiri wọ́, ilẹ̀kùn kò bá a mu, mo sì sọ fún ọ̀gá wa pé káfíńtà ló gé e ní ìgékúgèé.

Ọ̀gá ní kó fi owó ara rẹ̀ ṣe òmíràn. Pákó ìrókò tí ó fi ṣe é, èyí tó tọ́jú fún ilẹ̀kùn ilé tirẹ̀ ni. Láti ìgbà náà, páànù ògbólógbòó ló fi ń dí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Apá ń ro mí bí mo ti ń kọ èyí. Lónìí mo gbé pákó ìrókò lọ sí ilé rẹ̀ ní Ayépé. Mo kọ́kọ́ na okùn láti igun dé igun ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí méjèèjì bá dọ́gba, igun tọ́. Èkejì fi ínǹṣì kan gùn ju èkíní lọ.

Bàbá bi mí pé, "Tèmi náà wọ́?"

"Ó wọ́, sà. Ti ọ́fíìsì náà wọ́ lọ́jọ́sí. Èmi ni n kò wọ̀n ọ́n dáadáa. Mo ti jẹ́wọ́ fún ọ̀gá lánàá. Ẹ dárí jì mí."

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo gbé ilẹ̀kùn yẹn kọ́. Gé pákó rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Mo gé e bá wíwọ́ ògiri mu, mo kàn án pọ̀. Mo yọ páànù, mo gbé ilẹ̀kùn kọ́. Bàbá tì í. Kò há níbì kankan.